Wúfà Ò Lè Gba Sípíkà Tí Kò Lágbára Sílẹ̀: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nínú Pálọ̀ Ńlá

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Báwọn èèyàn wa bá ti ń kọ́lé tuntun ní Ilé-Ifẹ̀ níbí, ì báà jẹ́ lọ́nà Ẹdẹ tàbí ní Parakin, pálọ̀ ni wọ́n máa ń fẹ̀ jù: mítà 9 sí 7, táìsì nílẹ̀, POP lókè, gíláàsì lójú wíńdò. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò kó owó tó jọjú lé wúfà, wọn á wá fi ṣéńjì tó kù ra sípíkà méjì tí kò ju agolo mílíìkì lọ. Bí ohùn ò bá wá dùn, wọ́n á pè mí pé kí n wá wo wúfà. Wúfà ò ṣe nǹkan kan.

Àṣìṣe kìíní: kéèyàn ra sípíkà nítorí wáàtì tí wọ́n kọ sára páálí. Bẹ́ ẹ bá ti rí PMPO, ìyẹn wáàtì àbùmọ́, ẹ gbé e padà síbi tẹ́ ẹ ti mú un. RMS, wáàtì tó lè gbé láìsinmi, ni kẹ́ ẹ bèèrè.

Àṣìṣe kejì: kéèyàn má wo sensitivity, ìyẹn bí sípíkà ṣe ń ké tó pẹ̀lú wáàtì kan; dB ni wọ́n fi ń wọn bí ohùn ṣe ròkè tó. Nínú yàrá kékeré, sípíkà 84 dB lè tó yín. Nínú pálọ̀ ńlá, apá rẹ̀ ò ní ká a. Ní gbangba, ìgbàkígbà tí ẹ bá jìnnà sí sípíkà ní ìlọ́po méjì, dB 6 ló ń dín kù. Nínú ilé, ògiri máa ń dá díẹ̀ padà, ṣùgbọ́n ẹni tó jókòó ní mítà 4 ṣì ń pàdánù púpọ̀. Ẹ sì rántí pé kí ohùn tó fi dB 3 ròkè, wáàtì ní láti di ìlọ́po méjì. Sípíkà 84 dB yóò gba wáàtì 100 kó tó dún bí èyí tó jẹ́ 90 dB ṣe ń dún pẹ̀lú wáàtì 25. Bẹ́ ẹ bá sì ń lo jẹnẹrétọ̀ kékeré nígbà tí NEPA bá múná lọ, ẹ mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí.

Àṣìṣe kẹta ló ń dùn mí jù, ẹ fara balẹ̀ kà á. Ẹ ti ra wúfà, ẹ tún wá fi sípíkà kékeré sílẹ̀ kó máa gbé béèsì. Àwọn tó ń tajà gan-an ló ń kọ́ àwọn oníbàárà ní ìkọ́kúkọ̀ọ́: “Dádì, ẹ má fi sí Small o, Large ni kẹ́ ẹ yàn, sípíkà yín kì í ṣe kékeré.” Wọ́n ń ṣi èèyàn lọ́nà ni. Small àti Large inú receiver, ẹ̀rọ tó ń pín ohùn fún sípíkà àti wúfà, kò kan bí sípíkà ṣe tóbi tó lójú. Bẹ́ ẹ bá yan Large, gbogbo ohùn pátá, títí dé èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, ni yóò máa wọnú sípíkà yẹn. Bẹ́ ẹ bá yan Small, receiver á gé béèsì kúrò, á darí rẹ̀ sí wúfà. Ibi tó ti ń gé e ni crossover. Hz ni wọ́n fi ń wọn bí ohùn ṣe wà nísàlẹ̀ tàbí lókè; bó bá ṣe kéré tó ni béèsì ṣe ń jìn tó. 80 Hz ni òdiwọ̀n THX, àwọn tó ń fòǹtẹ̀ lu ẹ̀rọ sinimá, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Kí kónù, abọ́ iwájú sípíkà tó ń mì, tó lè gbé 40 Hz jáde kó sì ròkè bí ìgbà tó ń gbé 80 Hz jáde, ó ní láti rìn síwá sẹ́yìn ní ìlọ́po 4. Kónù íǹṣì 5 ò ní àyè yẹn. Ọkùnrin kan lágbègbè Mayfair ṣe ìkómọ. Sípíkà tuntun ni, wúfà rẹ̀ náà dáa, àmọ́ Large ni wọ́n tò ó sí. Àwọn àlejò ní kí wọ́n yí i sókè, wọ́n sì yí i sókè. Nígbà tí mo débẹ̀ lọ́jọ́ kejì, mo fi ìka rọra tẹ kónù ti apá òsì wọlé: ó ń ha gẹ́rẹ́gẹ́rẹ́. Kóìlì inú rẹ̀ ti jóná, ó ti wú, ó ń ha mágínẹ́ẹ̀tì lára. Mo gbé ihò ẹ̀yìn rẹ̀ súnmọ́ imú, òórùn jíjóná ṣì wà níbẹ̀. Owó ńlá run lórí ohun tí wọ́n lè fi rímóòtù tún ṣe.

Bó bá jẹ́ amplifier lásán lẹ ń lò, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Púpọ̀ nínú wọn ló ní ojú ihò wúfà lẹ́yìn, tí wọn kì í sì í gé béèsì kúrò lára sípíkà rárá.

Ẹni tó bá mọ èyí ò ní san owó gọbọi lórí sípíkà kékeré tí wọ́n ń yìn pé ó lọ sílẹ̀ dé 38 Hz. Wúfà ni yóò ṣe iṣẹ́ yẹn. Ohun tí pálọ̀ ńlá ń fẹ́ lára sípíkà ni pé láti 80 Hz lọ sókè, kó lè ké dáadáa láìfọ́. Kónù íǹṣì 6 àbọ̀ ni kẹ́ ẹ wá, sensitivity rẹ̀ kó tó 88 dB ó kéré tán.

Àwọn mìíràn a ra èyí tó kéré débi pé kò lè dé 80 Hz, wọ́n á wá gbé crossover lọ sí 200. Ohùn ọkùnrin máa ń bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bíi 85 Hz. Ẹni tó ń ka ìròyìn wà lójú tẹlifíṣọ̀n, ìsàlẹ̀ ohùn rẹ̀ ń jáde ní kọ̀rọ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn níbi tẹ́ ẹ gbé wúfà sí. Ẹ wá gbé dùndún sí i: ohùn ìsàlẹ̀ ìyáàlù bọ́ sọ́wọ́ wúfà, tòkè wà lọ́wọ́ sípíkà, ọ̀rọ̀ tí ìlù ń sọ pín sí méjì. Ìyẹn dùn mí ju owó lọ.

Wúfà tòkunbọ̀ tó wá láti Amẹ́ríkà, iná 120 V ló ń jẹ. Ẹ má kì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì wa láìsí transformer.

Ẹ má ti sípíkà tó ní ihò lẹ́yìn mọ́ ògiri, ẹ má sì kó òdòdó ike yí i ká nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Tweeter rẹ̀, èyí kékeré tó ń gbé ohùn tín-ín-rín jáde, kó ṣe déédéé etí ẹni tó jókòó.

Ó tún ku ọ̀rọ̀ gbígbé wúfà kan ṣoṣo sí kọ̀rọ̀. Nínú pálọ̀ mítà 9, ìró tó wà ní nǹkan bíi 57 Hz máa ń kú láàárín gbùngbùn yàrá, á sì wú lẹ́bàá ògiri. Kì í ṣe pé wúfà ò lágbára, ẹ má tìtorí rẹ̀ yí i sókè. Wúfà kéékèèké méjì, ọ̀kan láàárín ògiri iwájú, èkejì láàárín ògiri ẹ̀yìn, sàn ju ńlá kan lọ. Ìwádìí Todd Welti, olùwádìí ní Harman, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe sípíkà, ti fi hàn bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ ọ̀kan lẹ ní, ẹ gbé e sórí àga tẹ́ ẹ máa ń jókòó sí, ẹ fi orin tó ní béèsì sí i, ẹ wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kẹ́ ẹ máa fetí sílẹ̀ lẹ́bàá ògiri. Ibi tí béèsì bá ti dọ́gba jù lẹ máa gbé e sí. Lẹ́yìn ìyẹn, kẹ́nì kan jókòó sórí àga, kẹ́lòmíràn yí bọ́tìnì phase ara wúfà, èyí tó ń mú kí wúfà àti sípíkà máa mì pọ̀, láti 0 sí 180, èyí tí béèsì bá ti kún jù nínú méjèèjì, ẹ fi í síbẹ̀.