Bí A Ṣe Ń Gun Kẹ̀kẹ́ Ṣe Ìrántí Òbí Tí Jẹjẹrẹ Pa

Bí o bá fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ láti kó owó jọ fún ẹgbẹ́ aláàánú ní ìrántí òbí rẹ, kí o tó ra akoto, kí o tó wo kẹ̀kẹ́ kankan, pe àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ. Ibẹ̀ ló le jù. Nígbà tí bàbá wa kú, “lẹ́yìn àìsàn ránpẹ́” la kọ sára pósítà, bẹ́ẹ̀ ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi ṣàìsàn náà. Jẹjẹrẹ prostate ni, ẹ̀yà ara kékeré tó wà lábẹ́ àpò ìtọ̀ ọkùnrin. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fárígá: “Ṣé gbogbo ayé ló máa mọ ohun tó pa Dádì ni?” Ọ̀sẹ̀ méjì la fi fa ọ̀rọ̀ náà. Mo wá sọ fún un pé ní Ìlú Ọba níbí, bí ọkùnrin aláwọ̀ dúdú bá jẹ́ mẹ́rin, àrùn yìí á mú ọ̀kan nínú wọn kó tó kú. Ọkùnrin mẹ́ta lòun náà bí. Kò jiyàn mọ́.

Lẹ́yìn náà, mú ọ̀nà. London sí Brighton, ìlú etí òkun ní Sussex, ni mo mú, nǹkan bíi máìlì 54. Àwọn ẹgbẹ́ aláàánú máa ń ṣètò ìrìn ńlá, àmọ́ àwọn ló ń dá ọjọ́. Bí o bá fẹ́ kó bọ́ sí ọjọ́ tí òbí rẹ kú gan-an, dá tìrẹ ṣe, kí o kọ̀wé sí ẹgbẹ́ tó máa gba owó náà.

Ọ̀rọ̀ owó wá kàn. Ṣí ojú ewé ìdáwó lórí ìkànnì JustGiving tàbí irú rẹ̀. Àwa tí a mọ àjọ dá, tí a mọ aṣọ ẹbí rà, ìbéèrè wa kì í yẹ̀: ta ni owó wà lọ́wọ́ rẹ̀? Dáhùn kí wọ́n tó bèèrè: kò gba ọwọ́ rẹ kọjá rárá. Fi fọ́tò tí òbí rẹ ti wọ agbádá síbẹ̀, má fi ti ọsibítù. Kọ́kọ́ dá tìrẹ, torí kò sẹ́ni tó fẹ́ ṣíwájú. Kí ẹni tó bá ń san owó orí níbí fàmì sí Gift Aid: ẹgbẹ́ á gba pẹ́ńsì 25 lé e lórí pọ́n-ùn kọ̀ọ̀kan, £20 á di £25. Àmọ́ owó ara rẹ̀ ni kó jẹ́ o. Bàbá ìjọ tó kó owó ẹgbẹ́ ọkùnrin jọ tó fi orúkọ ara rẹ̀ san án kò gbọ́dọ̀ fàmì síbẹ̀. Bí owó bá kéré, má banújẹ́. Ní 1980, Billy Starr, tí jẹjẹrẹ pa ìyá rẹ̀, kó èèyàn 36 jọ gun kẹ̀kẹ́ ní Massachusetts, ní Amẹ́ríkà. $10,200 ni wọ́n rí. Lónìí, ìrìn kẹ̀kẹ́ yẹn, tó ń jẹ́ Pan-Mass Challenge, ti kó ju bílíọ̀nù kan dọ́là lọ.

Fi oṣù mẹ́ta múra sílẹ̀. Máìlì 10 ní Sátidé, kí o máa fi díẹ̀díẹ̀ kún un títí dé 40; ìyẹn tó. Ra ṣòkòtò oníkẹ̀kẹ́ tó ní fóòmù nídìí, má sì wọ pátá sábẹ́ rẹ̀. Èmi wọ̀ ọ́, mi ò sì lè jókòó ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ kejì. Kọ́ bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ tíúbù, torí kò sí fọkanáísà lẹ́bàá títì ní Sussex.

Lọ́jọ́ náà, máa jẹun kí ebi tó pa ọ́. Má sáré ní àárọ̀, torí òkè Ditchling Beacon wà níwájú, mítà 248 ni gíga rẹ̀, ìgbà tí ẹsẹ̀ bá ti kú tán lo máa tó dé ìdí rẹ̀. Bó bá le, sọ̀ kalẹ̀ kí o ti kẹ̀kẹ́. Mo tì í. Orí òkè yẹn ni mo ti pe màmá mi, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ki oríkì bàbá mi lórí fóònù.

Bí o bá délé, kọ iye tí o rí ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tó dáwó. Bí o bá jẹ́ ọkùnrin dúdú tó ti pé ọmọ ọdún 45, bá dókítà rẹ sọ̀rọ̀ nípa àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń jẹ́ PSA, tí wọ́n fi ń wá àmì àrùn prostate, ṣùgbọ́n má gun kẹ̀kẹ́ ní wákàtí 48 tó ṣáájú rẹ̀, ó lè mú kí iye tí àyẹ̀wò náà máa gbé jáde ga ju bó ṣe yẹ lọ. Ọjọ́ karùn-ún ni mo lọ. Ẹ̀gbọ́n mi ti ọkọ rẹ̀ tẹ̀lé mi.