Bí a ṣe ń kọ ìwà ẹlẹ́yàmẹ̀yà sílẹ̀, tí a sì ń fẹjọ́ rẹ̀ sùn, ní yunifásítì Amẹ́ríkà

Nílé, ọmọ Ìjẹ̀bú ni ọ́, tàbí ọmọ Ọ̀yọ́. Bí o bá dé Amẹ́ríkà, o di dúdú lójú gbogbo ayé. Èébú gbangba kò fi bẹ́ẹ̀ wọ́pọ̀ nínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́. Ohun wẹ́wẹ́ ló pọ̀. Ẹ̀ṣọ́ á ní kí ìwọ nìkan yọ káàdì rẹ ní láíbìrì, nígbà tí ẹ̀yin mẹ́fà jọ jókòó sídìí tábìlì kan. Olùkọ́ á ka àròkọ rẹ tán, á wá bi ọ́ léèrè ẹni tó bá ọ kọ ọ́. Wọ́n á ní kí ẹ pín ara yín ní mẹ́rin-mẹ́rin, ìwọ lo máa ṣẹ́ kù. Bí o bá sọ ẹyọ kan nínú rẹ̀, wọ́n á ní o ti mú un le jù. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí o máa kọ ọ́ sílẹ̀.

Kọ ọ́ lọ́jọ́ náà gan-an, kí o tó sùn, torí ọ̀rọ̀ tó bá sun oorun ọjọ́ mẹ́ta máa ń yí padà lórí ẹni. Bí ó ṣe yẹ kó rí nìyí: "Tuesday, 14 oṣù Kẹwàá, aago 11:10 alẹ́, láíbìrì, àjà kejì, tábìlì ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Ẹ̀ṣọ́ kan ní kí n fi káàdì mi hàn. Kò béèrè lọ́wọ́ àwọn òyìnbó márùn-ún tí a jọ jókòó. Méjì nínú wọn gbọ́." Bí ó bá sọ̀rọ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, Gẹ̀ẹ́sì ẹnu rẹ̀ gan-an ni kí o kọ, má túmọ̀ rẹ̀. Má kọ "ó kórìíra mi". Kò sẹ́ni tó lè rí inú ẹlòmíràn. Ohun tí wọ́n ṣe fún ọ, tí wọn ò ṣe fún ẹlòmíràn tó wà ní ipò kan náà, ni ẹjọ́ máa ń dúró lé, òun sì ni àwọn èèyàn sábà máa ń gbàgbé kọ.

Fi àkọsílẹ̀ náà ránṣẹ́ sí ímeèlì ara rẹ, kó lè ní ọjọ́ àti aago lórí. Má lo ímeèlì ilé-ẹ̀kọ́, wọ́n lè tì í bí o bá ti kúrò. Bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ orí fóònù, ya àwòrán rẹ̀ kí orúkọ ẹni náà àti ọjọ́ lè hàn. Ṣọ́ra pẹ̀lú gbígba ohùn èèyàn sílẹ̀ ní kọ̀rọ̀: ní California àti Pennsylvania, òfin ní gbogbo ẹni tó wà nínú ọ̀rọ̀ àṣírí gbọ́dọ̀ gbà kí o tó lè ṣe é.

Bí ó bá jẹ́ ti máàkì, tọ́jú ìwé ètò kọ́ọ̀sì, ìlànà ìgbémáàkì àti iṣẹ́ tí wọ́n dá padà. Òfin FERPA ti 1974 fún ọ lẹ́tọ̀ọ́ láti wo àkọsílẹ̀ tí ilé-ẹ̀kọ́ ní nípa rẹ. 45 ọjọ́ ni wọ́n ní láti fi dáhùn.

Lẹ́yìn èyí, lọ bá olùkọ́ náà ní wákàtí tó fi ń gba àlejò. Ibí ni ẹ̀kọ́ ilé wa ti máa ń kó bá wa. Wọ́n kọ́ wa pé a kì í wo àgbà lójú, a kì í sì í bá a jiyàn, àmọ́ níbẹ̀, ẹni tó bá dorí kodò tó dákẹ́ ni wọ́n máa ń sọ pé ó ti gbà. Ẹnu ẹni la fi ń kọ mèéjẹ. Wò ó lójú, sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, kí o béèrè ìdí. Kí ọjọ́ náà tó parí, fi ímeèlì ṣókí ránṣẹ́ sí i: ohun tí ẹ sọ rèé, ohun tó ní òun á ṣe rèé.

Bí kò bá yanjú, kọ̀wé sí olórí ẹ̀ka, tàbí sí ọ́fíìsì tó ń rí sí ẹ̀tọ́ ọgbọọgba. Ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ní ẹni tí wọ́n ń pè ní Ombuds, tó máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ láṣìírí tó sì ń gbani nímọ̀ràn. Ṣùgbọ́n bí o bá sọ ọ́ fún un, o kò tíì fẹjọ́ sùn. Àṣìṣe yìí ti ná àwọn kan ní oṣù púpọ̀.

Òfin ẹ̀tọ́ aráàlú ti 1964, ní abala kẹfà, ní ilé-ẹ̀kọ́ tó ń gba owó ìjọba àpapọ̀ kò gbọdọ̀ fi ẹ̀yà, àwọ̀ tàbí orílẹ̀-èdè ẹni yà á sọ́tọ̀. Office for Civil Rights, ọ́fíìsì ẹ̀tọ́ aráàlú ní iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀, ni wọ́n ń fẹjọ́ sùn sí. Ọ̀fẹ́ ni, kò pọndandan kí o ní lọ́yà tàbí kí o jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà. 180 ọjọ́ ni gbèdéke, ọjọ́ tí nǹkan náà ṣẹlẹ̀ ni o sì gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí kà á, kì í ṣe ọjọ́ tí ilé-ẹ̀kọ́ dá ọ lóhùn.

Má fi ìbínú pa kọ́ọ̀sì tì. Ẹni tó ní físà akẹ́kọ̀ọ́, F-1, fún oyè àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ máa ṣe ó kéré tán kírédíìtì 12 ní sáà kọ̀ọ̀kan. Bí o bá lọ sílẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ láìgba àṣẹ lọ́wọ́ DSO, òṣìṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ tó ń rí sí ìwé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ òkèèrè, o lè pàdánù ipò F-1 rẹ.

Àwọn tó mọ ọ̀nà ibẹ̀ jù ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà. Jọ̀wọ́, má pe wọ́n ní akátá. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló mọ̀ pé à ń fi bú wọn, ó sì ń dùn wọ́n. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kejì 1960, akẹ́kọ̀ọ́ dúdú mẹ́rin láti yunifásítì North Carolina A&T jókòó sídìí káńtà oúnjẹ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún òyìnbó ní Greensboro, wọn ò sì dìde. Irú òógùn bẹ́ẹ̀ ló bí òfin 1964 tí ìwọ náà ń lò. Wá Black Student Union, ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dúdú, ní ilé-ẹ̀kọ́ rẹ lọ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kí ohunkóhun tó ṣẹlẹ̀. Béèrè ọ́fíìsì tó ń dáhùn ìwé, kí o sì bẹ ẹnìkan kó bá ọ lọ sí ìpàdé, kó máa kọ ohun tí wọ́n bá sọ bí ìwọ ṣe ń sọ̀rọ̀.