Ẹ wo ohun tí àwọn míì ti fowó rà

Ẹ̀yin tó ń wá olórin tí kò sí lábẹ́ iléeṣẹ́ ńlá kankan, ẹ ṣí àwo-orin kan tí ẹ fẹ́ràn lórí Bandcamp, ìkànnì tí àwọn olórin ti ń ta orin wọn fúnra wọn, kí ẹ wo àwọn àwòrán kéékèèké tó tò nítòsí èèpo rẹ̀. Àwọn tó ra àwo náà nìyẹn. Ẹ tẹ ọ̀kan, àwo yòókù tí onítọ̀hún ti rà yóò jáde. Ẹni tó fa owó yọ lápò fún orin, etí rẹ̀ ṣeé fọkàn tán ju àkójọ tí ẹ̀rọ tò lọ, lójú tèmi o. Bí mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú tirẹ̀ bá bá tiyín mu, ẹ tẹ̀ lé e. Ti rédíò ńkọ́? NTS ti ìlú London máa ń to orúkọ orin sábẹ́ ọ̀pọ̀ ètò rẹ̀ tó ti kọjá, ẹ lè mú orúkọ náà padà sí Bandcamp. Ibi tí ọ̀nà yìí kù sí ni pé olórin tí kò bá gbé iṣẹ́ rẹ̀ síbẹ̀ kò ní hàn rárá. Fún irú wọn, ẹ gbìyànjú Radio Garden, ìkànnì tí ẹ ti lè gbọ́ rédíò káàkiri ayé: ẹ yí àwòrán ayé náà, kí ẹ dúró lórí àmì aláwọ̀ ewé ìlú tó bá wù yín.