Status Kọ́ Ni Ìwé Àkọsílẹ̀: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Láàárín Wa

Àṣìṣe tí mo ń rí jù lọ́wọ́ àwọn èèyàn wa ní Ọ̀yọ́ ni pé wọ́n ti sọ status WhatsApp di ibi tí wọ́n ń tú ẹ̀dùn ọkàn sí, dípò kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ ara wọn tí ẹlòmíràn kò ní kà. Ìyàwó bá ìyá ọkọ jà láàárọ̀. Kó tó dé ọjà Akẹ̀sán, ìjà ti dé orí fóònù. Ó ní lẹ́yìn wákàtí 24, yóò pòórá. Lójú tiẹ̀ nìyẹn. WhatsApp kì í sọ fúnni pé ẹnì kan ti ya status ẹni pamọ́.

Àṣírí nìkan kọ́ ni mo ń wí. Ohun téèyàn bá mọ̀ pé wọ́n máa kà, kò lè kọ ọ́ bó ṣe rí gan-an. Àlùfáà Samuel Johnson, tó ṣe pásítọ̀ ní Ọ̀yọ́, tó sì kú ní 1901, máa ń kọ àkọsílẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀gá CMS, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì Ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà, ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó wúlò títí dòní, ṣùgbọ́n inú ìwé tí ọ̀gá máa kà kọ́ lèèyàn ti ń jẹ́wọ́ pé òun ń jowú ẹ̀gbọ́n òun. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, àwọn tó ń ka status yín lè pọ̀ ju ọ̀gá Johnson lọ!

Ẹ má torí ìyẹn pa gbogbo áàpù rẹ́ lọ́jọ́ Àìkú o. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun lẹ ó dá a padà, pàápàá ẹni tó ń ta bàtà aláwọ lórí WhatsApp. Ẹ pa ariwo rẹ̀, ẹ ra aago aláràmù, kí fóònù má sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí.

Àwọn mìíràn tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìwé àkọsílẹ̀ á lọ ra ìwé olówó ńlá, wọ́n á fẹ́ kọ odindi ojú ewé lálaalẹ́, lédè Òyìnbó tó dán. Kò ní pẹ́ tí ìwé á fi di ti owó àjọ. Ìwé ilé ẹ̀kọ́ lásán ti tó. Ẹ fi Yorùbá kọ ọ́, ẹ má wulẹ̀ fi àmì ohùn sí i. Bó jẹ́ gbólóhùn kan péré lẹ kọ, àkọsílẹ̀ ni.

Èyí tó le jù ni kéèyàn máa kọ ẹ̀sùn kan náà fún oṣù mẹ́ta. Ní 1986, James Pennebaker àti Sandra Beall, àwọn olùṣèwádìí nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan kọ nípa ìṣẹ̀lẹ̀ tó dùn wọ́n, ìṣẹ́jú 15 lójúmọ́, fún ọjọ́ mẹ́rin. Inú wọn kò dùn bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ tán, ṣùgbọ́n nígbà tó yá, àwọn tó kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ pẹ̀lú bó ṣe rí lára wọn kò lọ sílé ìwòsàn tó àwọn yòókù. Akẹ́kọ̀ọ́ 46 péré ni wọ́n, ẹ má sọ ọ́ di àgbo. Èyí tí mo mú níbẹ̀ ni pé ọjọ́ mẹ́rin pé, wọ́n sì gbé bírò sílẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ máa kọ tiyín sórí fóònù ńkọ́? Ta ló bá yín ṣí Gmail yẹn? Bó bá jẹ́ ẹni tó ta fóònù fún yín ni, ó ṣeé ṣe kó mọ password rẹ̀, ohun tẹ́ ẹ bá sì kọ sínú Google Keep, áàpù tí wọ́n fi ń kọ nǹkan pamọ́, inú àkáǹtì Gmail náà ló ń lọ. Ẹ pààrọ̀ password kẹ́ ẹ tó kọ ohunkóhun.