Bí A Ṣe Ń Mọ̀ Pé Strut Ọkọ̀ Tó Ti Pẹ́ Ti Tó Pààrọ̀

Strut, ìyẹn ọ̀pá ọlọ́ìlì tó wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ pẹ̀lú sípíríǹgì, kì í kú lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Díẹ̀díẹ̀ ló ń rẹ̀ ẹ́, á sì máa mọ́ awakọ̀ lára, títí tí kò fi ní rántí mọ́ bí ọkọ̀ náà ṣe ń rìn nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì dára. Ẹni tó yá ọkọ̀ náà wà lẹ́ẹ̀kan máa ń tètè fura ju ẹni tó ni ín lọ. Tí ọkọ̀ bá ti rin tó 80,000 kìlómítà lórí strut kan náà, ó yẹ kí ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò nígbàkúùgbà tí ẹ bá ń yọ táyà tàbí tí ẹ bá ń ṣe bíréèkì. Iye yẹn kì í ṣe òfin: ọ̀nà oníkòtò máa ń pa á ṣáájú, ọ̀nà tó tẹ́jú sì lè gbé e kọjá ibẹ̀ dáadáa. Ọkọ̀ tí wọ́n gbé kalẹ̀ fún ọdún púpọ̀ láìrìn náà kò yọ sílẹ̀ o. Rọ́bà tó ń sé ọ́ìlì mọ́ inú strut máa ń gbẹ, tó bá sì ti gbẹ, ó máa sán.

Ohun tó máa ń ná èèyàn lówó lásán ni pé wọn kì í ya iṣẹ́ sípíríǹgì sọ́tọ̀ kúrò lára iṣẹ́ strut. Sípíríǹgì ló ń ru ọkọ̀. Strut ló ń dá sípíríǹgì lẹ́kun kó má máa jó. Nínú rẹ̀, písítìnì ń lọ sókè sódò nínú ọ́ìlì, ọ́ìlì ń fi tipátipá gba ihò tóóró kọjá, agbára ìfò náà sì ń di ooru. Nítorí náà, bí ọkọ̀ bá tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, sípíríǹgì ló ti rọ̀ tàbí tó ti ṣẹ́, strut tuntun kò ní gbé e dìde. Ẹ gbé ọkọ̀ sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kí afẹ́fẹ́ táyà ọ̀tún àti òsì dọ́gba, kí ẹ wá wọn láti àárín wíìlì dé etí féńdà tó wà lókè rẹ̀. Bí ẹ̀gbẹ́ kan bá kéré gedegbe, ẹ tan iná wo sípíríǹgì, pàápàá ìyípo rẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, ibẹ̀ ló sábà máa ń ṣẹ́ sí.

Ọ́ìlì ni ẹlẹ́rìí tó dájú jù. Ẹ yí sítíárìn sí ẹ̀gbẹ́ kan délẹ̀, kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí ẹ̀yìn táyà iwájú. Bí ẹ bá rí ọ̀rinrin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lókè, níbi tí ọ̀pá dídán náà ti ń wọlé, tí eruku sì lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ fi í sílẹ̀. Ọ̀pá náà gbọ́dọ̀ máa mú ọ́ìlì díẹ̀ jáde kí rọ́bà tó yí i ká má bàa gbẹ. Ṣùgbọ́n bí ọ́ìlì bá ti ṣàn kọjá ìdajì ara strut, tó ti pò pọ̀ mọ́ eruku di ẹrẹ̀ dúdú, ó ti tán nìyẹn. Bí ọkàn yín ò bá dájú, ẹ fi àkísà nù ún mọ́ tónítóní, ẹ wà á fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ tún padà wò ó. Ẹ wo orísun rẹ̀ pẹ̀lú: gírísì tó ta sára strut lè jẹ́ ti rọ́bà CV joint (oríkèé ọ̀pá tó ń yí wíìlì) tó ya. Bó bá jẹ́ omi bíréèkì ló ń jò láti ara páìpù, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti strut, ọkọ̀ náà kò gbọdọ̀ kúrò níbi tó wà.

Níbẹ̀ náà, ẹ ká rọ́bà tó bo ọ̀pá sókè bí ó bá ṣeé ká. Bí rọ́bà yìí bá ya, yanrìn á wọlé, yanrìn á ha ọ̀pá, ọ̀pá tó ti ní ojú ìha á wá gé ohun tó ń sé ọ́ìlì. Ẹ fi èékánná fa ara ọ̀pá náà. Bí èékánná bá ń kọ́ níbi kan, tàbí tí ìpẹtà ti jẹ ẹ́ ní ihò, ẹ kà á mọ́ èyí tó ti kú, bí kò tilẹ̀ tíì jò.

Ẹ wá fi àtẹ́lẹwọ́ ra ojú táyà yípo. Táyà tí strut kò dì mú mọ́ ń fò, ó ń bọ́ sílẹ̀, ibi tó ń bọ́ sí ni ilẹ̀ ń jẹ. Ọwọ́ yín á bá kòtò kéékèèké pàdé, ọ̀kan níbí, òmíràn níwájú. Èyí yàtọ̀ sí táyà tó jẹ ní ẹ̀gbẹ́ kan, tí í ṣe ọ̀rọ̀ alignment (bí wíìlì ṣe dúró sí), àti èyí tó jẹ ní àárín nítorí afẹ́fẹ́ tó pọ̀ jù. Wíìlì tí wọn ò ṣe balancing fún lè fa irú kòtò bẹ́ẹ̀ náà, torí náà kí táyà nìkan má dá ẹjọ́.

Gbogbo èèyàn ló mọ ti kí a fi ọwọ́ tẹ igun ọkọ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́ bíi ẹ̀ẹ̀mẹta, ẹ fi sílẹ̀. Ó yẹ kó gòkè, kó sọ̀ padà, kó sì dúró. Bó bá tún jó lẹ́ẹ̀mejì sí mẹ́ta, strut igun yẹn kò ṣiṣẹ́ mọ́. Àmọ́ bí ó bá dúró wẹ́rẹ́, ẹ má tíì yọ̀. Ọwọ́ èèyàn kò lè yára tó kòtò, búṣì (rọ́bà inú oríkèé ẹsẹ̀ ọkọ̀) tó ti gan náà sì lè dá ọkọ̀ dúró bí ẹni pé strut ló ṣe é.

Ojú ọ̀nà ló ń tú àṣírí irú èyí. Níbi tí kò sí ọkọ̀ lẹ́yìn, ẹ wà á ní 30 sí 40 kìlómítà ní wákàtí, kí ẹ tẹ bíréèkì dáadáa: bí imú ọkọ̀ bá tẹrí ba gan-an, tí ìdí sì gbéra, ẹ ti rí i. Ẹ wò ó tún lẹ́yìn speed bump, bóyá ara ọkọ̀ ṣì ń mì nígbà tí táyà ti kọjá lọ tipẹ́. Èyí tó léwu jù ni kí ìdí ọkọ̀ máa yọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ní kọ́nà tí ilẹ̀ rẹ̀ rí gbágungbàgun. Lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú lórí ọ̀nà tí kò dára, ẹ páàkì, kí ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ara strut ọ̀tún àti òsì (ẹ jìnnà sí díìsìkì bíréèkì, ó ń jó). Bí ọ̀kan bá lọ́ wọ́ọ́rọ́ tí èkejì sì tutù, èyí tó tutù kò ṣe iṣẹ́ kankan.

Ariwo ló ń mú kí èèyàn ra strut tí kò yẹ kó rà. Strut tó ti tán lè máà dún rárá. Bí ọkọ̀ bá ń dún kọ́-kọ́-kọ́ lórí gbágungbàgun kéékèèké, tó sì ń dákẹ́ nígbà tí táyà méjèèjì bá gun speed bump pọ̀, linkage, ọ̀pá kékeré tó so ọ̀pá stabilizer mọ́ ẹsẹ̀ ọkọ̀, ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Bó bá ń dún nígbà tí ẹ bá ń yí sítíárìn lójú kan, ẹ ní kí ẹnìkan máa yí i, kí ẹ gbé ọwọ́ lé ẹ̀yìn sípíríǹgì, ìka má wọ àárín rẹ̀ o. Bó bá ń há, tó wá já lójijì, bearing inú mounting (ibi tí orí strut ti so mọ́ ara ọkọ̀ lókè) ló ti jẹ. Ti ball joint, oríkèé tó wà nísàlẹ̀ ẹsẹ̀ ọkọ̀, ẹ gbé ẹsẹ̀ náà sókè, ẹ di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀, kí ẹ mì í, kí ẹ wò bóyá oríkèé náà ń yẹ̀.

Tó bá ti di pípààrọ̀, méjìméjì ni, ti iwájú pọ̀ tàbí ti ẹ̀yìn pọ̀. Ọ̀kan tuntun, ọ̀kan àgbà, ọkọ̀ kò ní dúró dọ́gba ní kọ́nà. Ti ọ̀tún àti ti òsì kì í sábà jẹ́ ọ̀kan náà, ẹ wo ibi tí páìpù bíréèkì ń so mọ́. Ẹ ra mounting méjì pẹ̀lú bearing wọn, bump stop (rọ́bà tó ń dá strut dúró kó má bàa wọlé délẹ̀) méjì, rọ́bà ìbora méjì, àti nọ́ọ̀tì àárín tuntun. Lórí ọkọ̀ tó ti pẹ́, èyí tí wọ́n ti tò pọ̀ tán pẹ̀lú sípíríǹgì ló dára jù lójú tiwa, torí ẹ ò ní fọwọ́ kan sípíríǹgì rárá. Bí ẹ bá fẹ́ lo sípíríǹgì àtijọ́, nọ́ọ̀tì àárín kò gbọdọ̀ tú kí ohun tí a fi ń fún sípíríǹgì tó dì í mú dáadáa. Bí sípíríǹgì bá já lọ́wọ́ èèyàn, ó lè pa á. Ẹ má fi pílíà di ọ̀pá dídán náà mú, ojú ìha kan péré tó láti mú kó jò. Kí ẹ tó dè é, ẹ gbé strut dúró, ẹ tẹ̀ ẹ́ wọlé kí ẹ sì fà á jáde délẹ̀ bíi ẹ̀ẹ̀marùn-ún, kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde. Páìpù bíréèkì kò gbọdọ̀ ru ìwúwo wíìlì nígbà tí strut bá ti kúrò, ẹ fi wáyà so ó.

Ẹ ṣe alignment lẹ́yìn rẹ̀, torí bóòtù méjì ìsàlẹ̀ ló sábà ń pinnu bí táyà ṣe dúró. Táyà tó ti jẹ ní kòtòkòtò á ṣì máa hó lórí strut tuntun. Bí ariwo náà bá bá táyà lọ nígbà tí ẹ bá gbé e lọ sẹ́yìn, táyà ni kí ẹ pààrọ̀.