Bí A Ṣe Ń Rí Ojú Ìgé Lára rRNA Tí Kò Tíì Gbó, Nínú Bakitéríà àti Archaea

Ojú ìgé tí ẹ ń wá kò sí nínú 16S tàbí 23S fúnra wọn, ìyẹn rRNA ńlá méjì tó wà nínú ríbósómù. Inú àlékún tó ṣíwájú wọn àtèyí tó tẹ̀lé wọn ló wà, ìyẹn apá tí sẹ́ẹ̀lì máa ń gé dànù. Ẹ má fi ìtẹ̀léra lẹ́tà tí PCR gbé jáde ṣe iṣẹ́ yìí, torí práímà (ègé DNA kúkúrú tí PCR fi ń bẹ̀rẹ̀) kì í sábà mú àlékún náà. Inú jínóòmù tó pé ni kí ẹ ti mú jíìnì 16S, pẹ̀lú bíi lẹ́tà 250 níwájú àti 250 lẹ́yìn. Ẹ ṣọ́ra o: operon rRNA (àkójọ jíìnì tí sẹ́ẹ̀lì ń kà pọ̀) méje ni E. coli ní. Bó bá jẹ́ àjákù kéékèèké ni wọ́n fi to jínóòmù náà, kọ̀ǹpútà lè pa méjèèje pọ̀, kí àlékún èyí lẹ̀ mọ́ tòmíràn.

Ẹ wá CCUCC (CCTCC ni nínú DNA) ní ìrù 16S. Bí kò bá sí níbẹ̀, bóyá okùn òdìkejì lẹ mú, tàbí ìrù náà kò pé.

Ẹ má wulẹ̀ ká gbogbo rẹ̀ pọ̀. Apá méjì tó yẹ kó so mọ́ra fi bíi lẹ́tà 1500 jìnnà síra, ètò ìṣirò a sì máa so wọ́n mọ́ ohun tó bá wà nítòsí. Ẹ yọ 16S kúrò láàárín, ẹ fi N (lẹ́tà tí a kò mọ̀) mẹ́wàá dí àlàfo, kí ẹ wá gbé e fún RNAfold, ètò ìṣirò tó ń sọ bí RNA ṣe máa ká. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún 23S náà. G tó so mọ́ U kì í ṣe àṣìṣe.

Nínú bakitéríà, ọ̀pá gígùn olókùn méjì ló máa yọ. Ẹ́ńsáìmù RNase III á gé okùn méjèèjì, lẹ́tà méjì á sì yọ gọngọ ní ìrù 3′. Ní E. coli, 16S á ṣì ní lẹ́tà 115 níwájú àti 33 lẹ́yìn. Òun là ń pè ní 17S. RNase E á dín 115 kù sí 66, RNase G á parí iwájú. Ti 23S yàtọ̀: 3 tàbí 7 péré ló ń kù níwájú. Jẹ́ẹ̀lì àgárósì lásán kì í fi ìyàtọ̀ 17S àti 16S hàn dáadáa. Northern, ìyẹn ìdánwò tó ń fi ègé alámì wá RNA kan pàtó, ló dára, bí ègé náà bá mú àlékún iwájú.

Nídìí archaea, ohun alààyè onísẹ́ẹ̀lì kan tí kì í ṣe bakitéríà, ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Kókó méjì ni kí ẹ wá lára ọ̀pá náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan lórí okùn tirẹ̀: lẹ́tà 3 tí kò so, ìsopọ̀ 4, lẹ́tà 3 tí kò so. Kókó ẹyọ kan kò tó. Ẹ́ńsáìmù tó ń yọ intron (apá àárín tí a kò nílò) kúrò lára tRNA ló ń gé e níbẹ̀, lẹ́yìn náà ni orí àti ìrù á di ara wọn mú, tí pre-16S á di òrùka. Ẹ lè fi práímà tó kọ ẹ̀yìn síra mú ojú ìsopọ̀ náà nínú RT-PCR. Àmọ́ ẹ́ńsáìmù RT, èyí tó ń sọ RNA di DNA, máa ń fò láti okùn kan sí òmíràn, ó sì lè dá ojú ìsopọ̀ èké sílẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ fi RNase R jẹ okùn gbọọrọ. Òrùka á ṣẹ́kù.

Ẹ má sì kọ ọ́ pé “5S sọnù” (rRNA tó kéré jù) ní Sulfolobus, ọ̀kan lára archaea. Ibòmíràn ni jíìnì rẹ̀ wà, kò sì sí tRNA láàárín 16S àti 23S rẹ̀, bó tilẹ̀ wà níbẹ̀ nínú Haloferax volcanii, archaea mìíràn.

Kí ẹ tó gba ọ̀pá kankan gbọ́, ẹ fi ẹ̀yà mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó bá a tan wé e. Bí lẹ́tà apá kan bá yí padà tí ẹnìkejì rẹ̀ sì yí padà kí ìsopọ̀ má bàa tú, ẹ̀rí nìyẹn. Bí gbogbo wọn bá rí bákan náà láìyí lẹ́tà kan, ẹ wá ẹ̀yà tó jìnnà díẹ̀.