Ẹ Yé Ṣírò Owó Orí Yín Báyìí Mọ́

Láti January 2026 tí òfin owó orí tuntun ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà ni àwọn èèyàn ti ń gbé ìṣirò tó wọ́ wá bá mi. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé ọ̀pọ̀ wọn ló ti sanwó fún ẹni tó bá wọn wọ́ ọ.

Ìkíní, ẹ má fi ìdá kan ṣoṣo gé gbogbo owó yín. Ìpele ìpele ni. ₦800,000 àkọ́kọ́ lọ́dún, ìjọba ò gba nǹkan kan níbẹ̀. ₦2,200,000 tó tẹ̀lé e, ìdá 15 nínú 100. ₦9,000,000 tó tún tẹ̀ lé ìyẹn, ìdá 18. Bẹ́ẹ̀ ló ń gòkè títí dé ìdá 25.

Ìkejì, ẹ kọ́kọ́ yọ ohun tó yẹ ní yíyọ. CRA àtijọ́, ìyẹn ẹ̀dínwó tí wọ́n máa ń yọ fún gbogbo èèyàn kí wọ́n tó ṣírò owó orí, ti kásẹ̀ nílẹ̀; ẹni tó bá ṣì ń fi ṣírò fún yín kò tíì ka òfin tuntun. Ayálégbé lè yọ ìdá 20 nínú owó ilé tó san lọ́dún, kó ṣáà má ju ₦500,000 lọ. Ẹ wo olùkọ́ tó ń gba ₦250,000 lóṣù, ₦3,000,000 lọ́dún. Owó ìfẹ̀yìntì kó ₦240,000 níbẹ̀. Ó ń san ₦600,000 owó ilé lọ́dún, ìdá 20 rẹ̀ jẹ́ ₦120,000. Ó ku ₦2,640,000. Ẹ yọ ₦800,000 kúrò, kí ẹ wá gba ìdá 15 lórí ìyókù: ₦276,000, ìyẹn ₦23,000 lóṣù. Ẹni tó bá kàn gba ìdá 15 lórí ₦3,000,000 á ní kó san ₦450,000! Ẹ tọ́jú rìsíìtì owó ilé yín o.

Èyí tó dùn mí jù wá ni ti àwọn tó ń ka gbogbo álẹ́ẹ̀tì sí owó tí wọ́n pa. Ìyá aránṣọ kan n'Íbàdàn sanwó fún ẹnìkan pé kó bá òun ṣírò owó orí. Onítọ̀hún gba ìwé báǹkì, ó ro gbogbo owó tó wọlé pọ̀, ó parí. Àjọ tí ìyá kó wà níbẹ̀. Owó tó yá lẹ́gbẹ̀ẹ́ alájẹṣẹ́kù wà níbẹ̀. Owó aṣọ ẹbí tí àwọn oníbàárà ní kó bá àwọn fi ra ańkárá ní Gbági, òun náà wọ̀ ọ́. Kódà, owó tí àbúrò rẹ̀ fi ránṣẹ́ láti London fún ìtọ́jú ìyá wọn ní ọsibítù, ó kà á mọ́ ọn! Èrè iṣẹ́ ni wọ́n ń gba owó orí lé fún oníṣòwò. Owó òwú, owó epo jẹnẹrétọ̀, owó ṣọ́ọ̀bù, gbogbo rẹ̀ ló ní láti kúrò kí èrè tó jáde. A jókòó ti ìwé ìṣirò rẹ̀, a fagi lé àwọn owó tí kì í ṣe èrè lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ya akáǹtì iṣẹ́ sọ́tọ̀.

Ẹ má sanwó orí sí akáǹtì ara ẹni ẹnikẹ́ni.

Ẹni tó ń gbé ní Mowé tó ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó, ìpínlẹ̀ Ògùn ló ni owó orí rẹ̀.

Bí owó oṣù kan ṣoṣo lẹ ní, ẹ fi fóònù yín ṣe é. Àmọ́ bí dọ́là bá ń wọlé látòkè òkun, bí ẹ bá ń ta crypto, bí ilé tí ẹ fi háyà bá wà pẹ̀lú òwò, tàbí bí lẹ́tà bá dé pé ẹ jẹ gbèsè owó orí, ẹ wá akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ kíá, torí 30 ọjọ́ péré lẹ ní láti ta ko irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀. Ẹ bèèrè nọ́ńbà ICAN (ẹgbẹ́ àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ oníṣirò owó) tàbí CITN (ẹgbẹ́ àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ owó orí) lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó fún un ní kọ́bọ̀.